Aṣọ aláìsàn tó ṣí lẹ́yìn: ṣé kí n rán an bí wọ́n ṣe ní kí n rán an?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Aránṣọ Ìjọ́mu:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Télọ̀ ni mí, Ìjọ́mu ni ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Àkúrẹ́ níbí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan gbé iṣẹ́ wá fún mi: gáùn aláìsàn, ọgọ́ta. Wọ́n fún mi ní ọ̀kan tó ti gbó kí n fi ṣe àwòṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbayawu, okùn méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan níbàdí. Bí mo ṣe tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ìyá ìyá mi ni mo rántí. Nígbà tí wọ́n gbé mámà lọ sí ọsibítù lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní wọ̀ ọ́, pé ọmọ ọmọ àwọn kò ní rí ìdí àwọn kí àwọn tó kú. Ṣé kí n rán ohun tí wọ́n ní kí n rán, kí n gba owó mi? Àbí ó kàn mí láti sọ̀rọ̀? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là ń jẹ́.

* * *

Ó kàn ọ́, ọmọ mi. Bí kò bá kàn ọ́, o kò ní rántí mámà.

Mo ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, máṣíìnì méjì ni mo ní ní Òkè-Àró, aṣọ ọmọdé ni mo sì ń rán jù. Mo ti so okùn gáùn yẹn fún aláìsàn tí n kò lè ka iye wọn mọ́. N kò bi ẹnì kankan rí bóyá ó bò ó tó. Mo so ó, mo kọjá sórí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé èmi náà dùbúlẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún mi ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú. Kánúlà, abẹ́rẹ́ tí omi ń gbà wọ ara, wà lọ́wọ́ òsì mi, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń ti ọ̀pá tí wọ́n gbé omi kọ́. Ọwọ́ wo ló kù tí màá fi di ẹ̀yìn aṣọ mú? Ibẹ̀ ni mo ti rí àna mi, bàbá ọkọ ọmọ mi, tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ méjì, wọ́n gbé ọsàn àti mílíìkì dání wá kí mi. Mo yára fẹ̀yìn ti ògiri. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo ń dáhùn ìkíni wọn, mo ń béèrè ará ilé, ojú ọgbẹ́ ń ta mí, n kò sì lè ṣí ẹsẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ló rí mi, tó lọ mú ìró mi wá láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Títí dòní, mo ń gbàdúrà fún ọmọ yẹn.

Iṣẹ́ abẹ yẹn ti jinná, àpá rẹ̀ kò tilẹ̀ hàn dáadáa mọ́. Dídúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni mo ṣì ń rántí.

Ọ̀gá rẹ ní iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là ń jẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló tún sọ fún wa pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ.

* * *

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lálẹ́ àná. Ọ̀pọ̀ yín ló ní ẹni tó bá ti dé ọsibítù, ìtìjú ti tán fún un, ẹ̀mí là ń wá. Àwọn kan ní àṣà òyìnbó lásán ni ẹ̀yìn tó ṣí, kí a dà á nù pátápátá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀mí là ń wá, ìtìjú yẹn gan-an ń gba ẹ̀mí. Mo ti rí obìnrin tó rí kókó nínú ọmú rẹ̀, tó fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ròyìn bí wọ́n ṣe tú òun síta lójú gbogbo èèyàn. Ìgbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, egbò ti ń ṣomi. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn Maine Medical Center ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin Sòmálíà tó ń gbé àdúgbò wọn kì í wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún wọn. Aṣọ tó ṣí ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Ní 2004, wọ́n ṣe èyí tó gùn tó sì bo ara fún wọn. Wọn kò wàásù fún àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n gbé ìtìjú tà. Aṣọ ni wọ́n tún ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a dà á nù, ẹ ò tíì yí aláìsàn tí kò lè gbé ara rẹ̀ rí. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, ẹni tó dákú lọ, ẹni tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́: a ó ti apá rẹ̀ méjèèjì bọ inú aṣọ láti iwájú, a ó tẹ́ ẹ lé e láyà, a ó fi etí aṣọ há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó parí. A kò gbé e sókè, a kò fa ibi tó ń dùn ún. Bí ó bá fẹ́ yàgbẹ́, bẹ́ẹ̀dì páànù á wọlé láìtú nǹkan kan. Egbò tó máa ń yọ ní bèbèrè ìdí ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, a ó tètè rí i kó tó jinlẹ̀ dé egungun. Ìyá tí wọ́n fẹ́ fi abẹ bí ọmọ rẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú. Iṣẹ́ gidi ni ẹ̀yìn tó ṣí ń ṣe, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ wá wo wọ́ọ̀dù yí ká, kí ẹ ka iye ẹni tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé nítorí ibà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí ìtọ̀ ṣúgà, tó ń dìde lọ sí ilé ìtọ̀ fúnra rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ẹ̀yìn tó ṣí ṣe? Nítorí ẹni mẹ́rin tí kò lè dìde, a tú ẹ̀yìn ogún èèyàn sílẹ̀, kí ó má bàa sí pé a ní aṣọ oríṣi méjì.

* * *

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára nìyí: okùn.

Ẹ gbé ọwọ́ yín sẹ́yìn báyìí, níbi tí ẹ jókòó sí, kí ẹ díbọ́n bí ẹni tó fẹ́ so okùn lẹ́yìn ọrùn. Ara yín le, ó sì tún ń ni yín lára. Ẹni tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí èjìká ń ro, kò lè ṣe é. Ohun tí kò lè so, kò lè tú u. Ẹlòmíràn ni yóò máa bò ó, ẹlòmíràn ni yóò máa ṣí i. Àgbàlagbà tó bí ọmọ méje, tó kọ́lé, tó ń dá ẹjọ́ ní àdúgbò, a fi okùn ara rẹ̀ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé.

Ẹ wá wo ìró wa. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tí wọ́n ṣí ní Òkè-Àró ní 2010, ojoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn aboyún tó ń kọjá pẹ̀lú ìró wọn. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń ró ìró, ọwọ́ ara ẹni la fi ń tú u, etí kan bo èkejì mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì ń kì í bọ̀, níbi tí ọwọ́ dé. Dókítà tó bá fẹ́ yẹ ikùn wò gbọ́dọ̀ la ẹnu rẹ̀: “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ìró kalẹ̀ díẹ̀.” Ó gbọ́dọ̀ béèrè! Aṣọ tó ti ṣí tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tọrọ àyè níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún Aránṣọ Ìjọ́mu pé iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́. Ibi tó bá fi okùn sí ni yóò sọ bóyá wọn yóò bi aláìsàn kí wọ́n tó ṣí i.

Obìnrin tó ń ránṣọ tí ayé mọ̀, Diane von Furstenberg, ẹni tó sọ gáùn tó ń ró mọ́ ara di gbajúmọ̀ láti 1974, òun ni ilé ìwòsàn Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà bá ṣe aṣọ aláìsàn ní 2010. Ohun tó gbé jáde ń ró mọ́ ara, aláìsàn sì lè wọ̀ ọ́ kó ṣí síwájú tàbí kó ṣí sẹ́yìn. Nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀, mo ní ẹ wo ìró lára òyìnbó. Àwọn ìyá wa ti ní ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́.

* * *

Métírọ̀n tó kọ̀wé láti Ondo, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ ní bí ọkàn aláìsàn bá fẹ́ dáwọ́ dúró, ẹ kò ní àyè láti máa wá kókó okùn kiri ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Ẹ tún ní nọ́ọ̀sì méjì ló ń tọ́jú ọgbọ̀n aláìsàn lóru, àti pé ẹni tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kò mọ ohun tí ojú ń rí ní wọ́ọ̀dù.

Mà, mo mọ̀ ọ́n. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo lò jù láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tí ọkàn bá dáwọ́ dúró, a kì í tú okùn, sísọ́ọ̀sì la fi ń la aṣọ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn ìbáà ṣí, iwájú ìbáà ṣí. Ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi lélẹ̀. Àyà rẹ̀ lẹ fẹ́ tẹ̀, iwájú sì ni àyà wà. Ẹ̀yìn tó ṣí kò tilẹ̀ ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ní ti nọ́ọ̀sì méjì sí ọgbọ̀n èèyàn, èmi rò pé ọ̀rọ̀ yín gbè mí ni. Gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá fẹ́ lọ tọ̀, ó ń pè yín kí ẹ wá so aṣọ fún un. Bó bá dé, ó tún ń pè yín. Èyí tó lè dá so, kò ní pè yín, àwọn tó nílò yín gan-an ni ẹ óò ráyè fún. Àwọn kan tún wà tí kì í pè rárá. Wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ nítorí wọn kò fẹ́ kí wọ́n rí ìdí wọn, ẹsẹ̀ wọn á sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìpolongo kan tí wọ́n pè ní EndPJparalysis, tó ń rọ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n jẹ́ kí aláìsàn wọ aṣọ tirẹ̀, kó dìde, kó máa rìn. Àgbàlagbà tó bá ń gbé inú aṣọ àìsàn látàárọ̀ dalẹ́ máa ń gbà pé bẹ́ẹ̀dì ni àyè òun, agbára iṣan rẹ̀ á sì máa dínkù. Ẹ̀yin gan-an mọ̀ pé ẹni tó bá ti ń rìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ máa ń tètè lọ sílé.

Ibi tí mo ti gbà fún yín ni tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ. Nínú tíátà, ẹ jẹ́ kí ó ṣí. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí àkóràn ojú ọgbẹ́ abẹ, èyí tó jáde ní 2008: kí aṣọ tíátà jẹ́ kí ọwọ́ dé ibi iṣẹ́ wẹ́rẹ́, kí wọ́n sì ro ìtura àti iyì aláìsàn mọ́ ọn. Wọ́n sọ méjèèjì papọ̀.

* * *

Ẹnì kan ní kí Aránṣọ Ìjọ́mu rán aṣọ sí àwọ̀ oríṣiríṣi: èyí fún ẹni tó ní ikọ́ ife, èyí fún ẹni tó ní kòkòrò HIV, kí òṣìṣẹ́ lè máa ṣọ́ra. Ẹlòmíràn tún ní kí ẹni tó jẹ ọsibítù lówó wọ àwọ̀ tó ń ta sójú, kó má bàa sá lọ.

Rárá o. Ọmọ mi, bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ yìí wá, dá a padà. Àárín wa níbí ni aládùúgbò ti ń wá kí aláìsàn, ọmọ ìjọ ń wá, ẹgbẹ́ ń wá. Aṣọ kò gbọdọ̀ sọ àìsàn ẹni fún ẹni tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá kí i. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ṣọ́ra, kó wọ ìbọ̀wọ́ fún gbogbo aláìsàn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bó bá dúró de àwọ̀ kó tó ṣọ́ra, ẹni tí wọn kò tíì yẹ̀ wò ni yóò kó o ràn án. Ní ti gbèsè, abala 34 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 sọ pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún iyì rẹ̀, Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 sì ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún aláìsàn. Ẹni tó jẹ gbèsè kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n.

Àwọ̀ tó tún yẹ kí o yẹra fún ni funfun báláú láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń fi ìdọ̀tí hàn, àwọn onílé ìwòsàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ aṣọ funfun tí kò ní nǹkan kan lára fún bàbá ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin kan lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ku ọ̀la, kí o wo ojú rẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n fi ń wé òkú. Omi aró fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí àwọ̀ ewé tó rẹ̀ dára, o lè fi kámpálà gbá etí ọrùn rẹ̀ bí wọ́n bá gbà.

* * *

Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ mi ń béèrè irú aṣọ tí a ó lò. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ èrò dáadáa ti ń bàjẹ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kí omi ìfọṣọ ọsibítù gbóná dé 71°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, tàbí 65°C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí kòkòrò àrùn tó kú. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké wa, bí iná bá lọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́: omi gbígbóná, ọṣẹ, bílíìṣì, ó di orí okùn nínú oòrùn. Aṣọ tí kò lè fara da bílíìṣì kò ní pé oṣù mẹ́ta. Ànkàrá olówó pọ́ọ́kú yóò ṣí. Rọ́bà ìbàdí yóò rọ dẹ̀lẹ̀, aṣọ tí kò ní rọ́bà lára tún sàn jù ú lọ. Velcro, ìdè tó ń lẹ̀ mọ́ra, tí ẹ̀yin kan ń dárúkọ, ní fífọ̀ díẹ̀ yóò ti kó irun àti okùn òwú jọ, kò ní di nǹkan kan mú mọ́, yóò sì máa họ ara ẹni tí ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

Òwú gidi ló tutù jù nínú ooru Àkúrẹ́, pàápàá ní oṣù kejì àti ìkẹta, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ gbẹ lásìkò òjò, ó sì ń fẹ́ áyọ́ọ̀nù. Èyí tí wọ́n po òwú mọ́ pólísítà ni mo máa ń mú fún wọ́ọ̀dù. Fún tíátà, òwú ni kí ẹ lò, nítorí ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń jó ojú ẹ̀jẹ̀ pa lè mú náílọ́ọ̀nù yọ́ mọ́ ara. Bọ́tìnì irin àti síìpù, ẹ má fi wọ́n sí i: wọ́n ń hàn nínú ẹ̀rọ àyàwòrán egungun, wọn kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, rárá. Bọ́tìnì oníke tí wọ́n ń tẹ̀ tó ń dún “pọ́” dára fún èjìká. Bí èjìká bá ń ṣí, a lè bọ́ aṣọ lára ẹni tí omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìyọ omi náà, ìyá ọmọ sì lè fún ọmọ lọ́mú láìtú gbogbo àyà síta.

Fún ọmọdé, má fi okùn sí ọrùn, má sì fi bọ́tìnì tó lè já sí ẹnu rẹ̀ lára aṣọ. Fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dà láàmú, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè pa ara rẹ̀ lára, kò gbọdọ̀ sí okùn rárá. Tìrẹ ni láti béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wá kù. Wọ́n á sọ pé ìwọ̀n kan tó gbogbo èèyàn. Irọ́ ni. Ẹni tó sanra ni yóò jìyà rẹ̀, etí aṣọ kò ní pàdé lẹ́yìn, ojú gbogbo èèyàn ni yóò sì ti rí i. Rán ìwọ̀n mẹ́ta. Má kọ lẹ́tà gàdàgbà sí àyà aṣọ, tẹ́ẹ̀pù etí ọrùn ni kí o fi yà wọ́n sọ́tọ̀, èyí tí òṣìṣẹ́ nìkan yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

* * *

Àbúrò tó béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí aláìsàn tó ń lọ sí tíátà, o ṣeun tí o dárúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ń tijú láti sọ ọ́.

Mo ti wà ní yàrá tí wọ́n ti gé ìlẹ̀kẹ̀ màmá kan pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì nígbà tó ti sùn, tí wọ́n kó o sínú ike ìdọ̀tí. Èmi ni mo lọ ṣà á padà. Nígbà tí màmá jí, ìlẹ̀kẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè kó tó béèrè ọgbẹ́. Ìyá tó bí i ló so ó fún un. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá wà níbi tí wọ́n fẹ́ la, wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún un lójú ayé, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ, kí ó fún ọmọ rẹ̀ mú dání. Ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà. Bákan náà ni hìjáàbù. Tíátà fẹ́ kí irun wà ní bíbò, Mùsùlùmí náà fẹ́ kó wà ní bíbò, kí wá ni wọ́n ń bá ara wọn jà sí? Ilé ìwòsàn Royal Preston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé aṣọ tó bo orí àti gbogbo ara jáde ní 2006 fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Rán fìlà tó gùn dé ọrùn mọ́ díẹ̀ nínú gáùn wọ̀nyẹn, àjákù aṣọ tó bá ṣẹ́ kù tó o ṣe é. Àwọn ìyá tí kì í ṣí orí sílẹ̀ nítorí ìjọ wọn yóò lò ó pẹ̀lú.

Ohun kan tí mo fẹ́ bẹ gbogbo télọ̀ tó wà níbí: bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má lọ ya fọ́tò aláìsàn nínú aṣọ náà kí ẹ fi polówó lórí Facebook. Kódà bó bá rẹ́rìn-ín, kódà bó bá ní kò burú. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì máa ń gbà fún èèyàn nítorí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà bínú sí òun. Ọmọ iṣẹ́ yín ni kó wọ̀ ọ́.

* * *

Aránṣọ Ìjọ́mu ti padà wá. Ó ní òun bá onílé ìwòsàn sọ̀rọ̀, bàbá náà kò sì bínú, àmọ́ ó ní kò sí owó fún aṣọ púpọ̀, iye tí àwọn fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni àwọn óò san.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Èyí tí wọ́n fún ọ ń gba yáàdì méjì. Kí ẹ̀yìn lè ró bo ara wọn dáadáa, èmi máa ń lo yáàdì méjì àbọ̀. Bí o bá rán gbogbo ọgọ́ta bẹ́ẹ̀, ọgbọ̀n yáàdì ni yóò lé, ìdì olóyáàdì márùn-ún mẹ́fà nìyẹn. Kò ní gbà, n kò sì dá a lẹ́bi pátápátá, ọjà Nẹpa ní Àkúrẹ́ níbí kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni lásìkò yìí.

Padà lọ bá a, kí o sọ fún un pé kí a pín in. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jẹ́ kó ṣí lẹ́yìn bí àwòṣe, fún tíátà àti ẹni tí kò lè dìde. Márùndínlógójì, má fi aṣọ kún un, okùn nìkan ni kí o gbé kúrò lẹ́yìn: la ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, gbá etí ihò náà kó má ya, jẹ́ kí okùn ẹ̀yìn gba inú rẹ̀ bọ́ síwájú, kí aláìsàn so ó ní ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ bí ìgbà tó bá ń so ìró. Okùn gígùn ni yóò náni, kì í ṣe aṣọ. Kò ní bò ó tó bí ti yáàdì méjì àbọ̀, ṣùgbọ́n etí aṣọ yóò dì mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ ni okùn yóò sì wà. Mẹ́wàá tó kù, rán wọn ní yáàdì méjì àbọ̀ fún àwọn tó sanra àti fún àwọn àgbàlagbà. Yáàdì márùn-ún péré ló lé. Bí kò bá san ti ìdì kan yẹn, èmi yóò fi ránṣẹ́ sí ọ, má jiyàn.

Kí o tó gé aṣọ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o wọ wọ́ọ̀dù fún wákàtí kan. Bi àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀. Bi bàbá àgbà kan. Má gbàgbé ìyá tó ń fọ aṣọ, òun ló mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń ya.

Rán ẹyọ méjì ṣáájú. Wọ ọ̀kan fúnra rẹ láìwọ nǹkan sábẹ́, ní ilé rẹ. Fi báńdéèjì so ọwọ́ òsì mọ́ àyà rẹ kó má lè ṣiṣẹ́. Fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan so okùn náà. Jókòó sórí àga onígi. Dìde. Bẹ̀rẹ̀ mú bàtà rẹ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí àbúrò rẹ obìnrin dúró sẹ́yìn rẹ, kí ó sọ ohun tó rí fún ọ, kí ìwọ náà sì wá sọ fún mi kí o tó ki sísọ́ọ̀sì bọ ìyókù.